Ìlera Ìdílé: Ẹ̀yìn Ríro Kì í Ṣe Ìpín Àgbẹ̀

Ojú ewé ìlera ìdílé yín tún dé. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí kan ẹni tí ń kọ ebè, ẹni tí ń ro oko kòkó, ìyá tí ń yan gàrí, ọ̀dọ́kùnrin tí ń ru búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì, àti ọmọ tí ń pọn omi láti odò wálé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ríro ni.

Ní abúlé, bí a bá kí àgbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pé, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "A dúpẹ́, ẹ̀yìn yìí nìkan ni." Ó ti mọ́ wa lára. A ti gbà pé ẹni tí ó bá ti mú ọkọ́ àti àdá gbọdọ̀ máa di ìbàdí mú nígbà tí ó bá fẹ́ dìde. Nítorí náà ọ̀pọ̀ kì í sọ fún ẹnikẹ́ni, títí di ọjọ́ tí wọn kò lè dìde lórí ẹní mọ́. Nígbà náà ni oko yóò kún fún igbó, owó ilé ìwé àwọn ọmọ yóò di ìṣòro, ìdílé tí kò tọrọ jẹ rí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí yáwó.

Ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ nínú ojú ewé yìí ni pé ẹ̀yìn ríro kì í ṣe ìpín àgbẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe iṣẹ́, irin iṣẹ́ tí a ń lò, àti ìwọ̀n ẹrù tí a ń gbé wà lára ohun tí ń fà á jù, a sì lè tún wọn ṣe.

Àìsàn yìí kò mọ sí ilẹ̀ wa nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2020, ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni ẹ̀yìn ń ro káàkiri ayé, ó sì ṣeé ṣe kí iye náà tó mílíọ̀nù 843 nígbà tí ó bá fi di ọdún 2050. Kò sí àìsàn mìíràn tí ó ń sọ ènìyàn di ẹni tí kò lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tó o ní gbogbo ayé.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ Ẹ̀YÌN WA?

Egungun kéékèèké tí a tò lé ara wọn lórí ni ọ̀pá ẹ̀yìn, láti ọrùn títí dé ìdí. Egungun 5 ni ó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, lókè ìbàdí, àwọn ni ó sì ń ru ẹrù ara jù. Láàárín egungun kan sí èkejì ni ohun kan wà tí ó dà bíi tìmùtìmù. Òun ni kì í jẹ́ kí egungun máa lu egungun, òun ni ó sì ń jẹ́ kí a lè tẹ̀, kí a yí, kí a sì nà. Ẹ̀gbẹ́ àwọn egungun yìí náà ni àwọn iṣan tí ń mú ọ̀rọ̀ ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀ ti ń jáde. Bí tìmùtìmù kan bá yọ tí ó sì tẹ irú iṣan bẹ́ẹ̀, ìrora yóò gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ lọ sí itan àti ẹsẹ̀.

Tìmùtìmù yìí kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ bí ẹran ara ti ní. Nígbà tí a bá ń rìn, tí a ń yí ara padà, tí a sì ń sinmi ni omi àti oúnjẹ ń wọ inú rẹ̀. Ní òru ó máa ń fa omi mu, a sì máa wú díẹ̀. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi máa ń ga ní òwúrọ̀ ju bí ó ti ga ní alẹ́ lọ, ní ìwọ̀n bíi sẹ̀ǹtímítà 1.

Ní ọdún 1999, àwọn olùwádìí kan ní Jámánì tẹ ìròyìn kan jáde. Wọ́n ti ki ohun èlò tín-ín-rín kan bọ inú tìmùtìmù ẹ̀yìn ọkùnrin kan tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀, wọ́n sì wọn bí ìnira ibẹ̀ ti pọ̀ tó. Nígbà tí ọkùnrin náà ká ẹ̀yìn láti gbé ẹrù kílò 20 nílẹ̀, ìnira tí ó dé bá tìmùtìmù náà ju ìlọ́po 4 ti ìgbà tí ó dúró ṣánṣán lọ. Nígbà tí ó gbé ẹrù kan náà mọ́ àyà, ó jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 2.

Ẹ wá fi èyí wé iṣẹ́ tiwa. Kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 25 wọn kílò 25. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Ẹ̀rọ tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fín kòkó, bí ó bá gba omi lítà 16, kílò 16 ni omi nìkan, láìka ẹ̀rọ náà mọ́ ọn. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni a sì ń gbé e lójúmọ́.

Kí ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Ẹ̀yìn kì í ṣe ẹyin adìẹ. Ọlọ́run dá a ní líle, ó sì lè tẹ̀ kí ó sì gbé ẹrù. Ohun tí ó ń bà á jẹ́ ni kí a wà lójú kan ní títẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, kí ẹrù náà wúwo jù, kí a má sì sinmi.

ṢÉ JẸ̀DÍJẸ̀DÍ NI?

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí ẹ̀yìn bá ti ń ro ènìyàn, jẹ̀díjẹ̀dí ni, àti pé ṣúgà tàbí ohun dídùn tí ó jẹ ni ó fà á. Nítorí èyí, ohun tí wọn kọ́kọ́ ń wá ni àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ jọ̀wọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wú ní ojú ihò ìdí ni àwọn dókítà ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde nígbà ìgbẹ́, kí ojú ihò ìdí sì máa yún ènìyàn tàbí kí ó máa dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ó ń ro ẹni tí ó ti kọ ebè láti àárọ̀, iṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ṣúgà. Ẹni tí ó bá ń mu àgbo tí ń ṣu ènìyàn lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀yìn, omi ara rẹ̀ ni ó ń dànù, ẹ̀yìn náà kò sì ní torí èyí sàn.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI ARA ỌKỌ́ KÚKÚRÚ

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkọ́ tí a ń lò. Igi rẹ̀ kúrú. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ro koríko gbọ́dọ̀ ká ẹ̀yìn láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi mú. Ìyá mìíràn tún pọn ọmọ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ lo ọkọ́ tí igi rẹ̀ gùn kí ó lè nàró, àwọn mìíràn yóò máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀lẹ ni. Wọ́n ní iṣẹ́ àgbẹ̀ kò ṣeé ṣe ní ìnàró.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ti dé ilé ẹjọ́ rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ní ọ̀dọ̀ wa. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ oko, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò, fi ọ̀pọ̀ ọdún lo ọkọ́ kan tí igi rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 1 tàbí 1 àti ààbọ̀ lọ. Òun ni wọ́n fi ń ro oko ewébẹ̀ létúùsì àti ti ọ̀gbìn tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà níbẹ̀. Wọ́n pè é ní "el cortito", ìtumọ̀ èyí tí í ṣe "kúkúrú" ní èdè wọn. Láti àárọ̀ dé alẹ́ ni wọ́n ń ká ẹ̀yìn, ẹ̀yìn àwọn ọ̀dọ́ sì ń bàjẹ́ ṣáájú ọjọ́ ogbó. César Chávez, ẹni tí ó di aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ oko níbẹ̀, ti fi irú ọkọ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ rí, ẹ̀yìn sì dà á láàmú púpọ̀ láyé rẹ̀.

Àwọn olóko kò fẹ́ kí a yí ọkọ́ náà padà. Wọ́n ní bí igi rẹ̀ bá gùn, òṣìṣẹ́ kò ní rí ìdí ewébẹ̀ dáadáa, yóò máa gé èyí tí ó dára sọnù. Ohun mìíràn tún wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Bí gbogbo ènìyàn bá ti ká ẹ̀yìn, ẹni tí ó bá nàró láti sinmi ni ọ̀gá yóò rí láti òkèèrè. Àwọn agbẹjọ́rò tí ń ran tálákà ìgbèríko lọ́wọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìjọba, àwọn dókítà sì jẹ́rìí sí ohun tí ọkọ́ náà ń fi ẹ̀yìn ṣe. Ìjọba kọ́kọ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1975, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dá àwọn òṣìṣẹ́ láre, ní ọdún kan náà ni a sì fi òfin de ọkọ́ kúkúrú.

Ǹjẹ́ oko wọn parun? Rárá o. Wọ́n fi ọkọ́ tí igi rẹ̀ gùn ṣe iṣẹ́ kan náà ní ìnàró, California sì ni ó ń gbin létúùsì jù ní gbogbo Amẹ́ríkà títí di òní.

Ẹ̀yin ará, àwọn wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ lóko olóko, ó sì gba kí wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n tó lè nàró. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nínú oko ara wa, ta ni ó ní kí a má nàró?

OHUN TÍ A LÈ YÍ PADÀ

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń gbọ́ pé kí a tẹ orúnkún bí a bá fẹ́ gbé ẹrù. Ìmọ̀ràn náà kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ ní ọdún 2008, wọn kò rí ẹ̀rí pé kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní bí a ti ń gbé ẹrù nìkan tó láti má jẹ́ kí ẹ̀yìn ro wọ́n. Ẹrù tí ó wúwo jù wúwo jù náà ni, bí ó ti wù kí a gbé e. Nítorí náà, iṣẹ́ náà gan-an ni kí a tún ṣe.

1. Ẹ fi igi gígùn sí ọkọ́ tí ẹ fi ń roko. Kí ó gùn tó èyí tí ẹ fi lè dúró láìká ẹ̀yìn, bíi kí orí rẹ̀ dé àyà. Ẹ bá alágbẹ̀dẹ sọ ọ́ kí ó ṣe ojú ọkọ́ náà kí ó lè bá igi gígùn mu, nítorí ojú ọkọ́ kúkúrú kì í dúbúlẹ̀ dáadáa lórí igi gígùn. Ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè ní ilẹ̀ líle lè má ṣeé sọ di gígùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ríro koríko bá di ti ìnàró, apá púpọ̀ nínú ìyà ẹ̀yìn ti kúrò níbẹ̀.

2. Ẹ wo ìgbálẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ìyá àti ọmọbìnrin wa a máa ká ẹ̀yìn gbá àgbàlá ní kùtùkùtù, ní àkókò tí tìmùtìmù ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wú láti òru. Ní ọdún 1998, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn tí ẹ̀yìn ti ń ro tipẹ́, tí wọ́n kọ́ láti má ṣe tẹ ẹ̀yìn síwájú ní àwọn wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n jí, rí ìdínkù nínú ìrora wọn. Ẹ so ìgbálẹ̀ mọ́ igi gígùn. Bí ẹ bá sì jí, ẹ rìn díẹ̀ ná kí ẹ tó gbé kẹ́ẹ̀gì tàbí kí ẹ tó tẹ̀ síwájú ṣe iṣẹ́.

3. Ẹ pín ẹrù. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 10 lẹ́ẹ̀mejì sàn ju onílítà 25 lẹ́ẹ̀kan lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì àti àpò gàrí ńlá, kí ènìyàn méjì jọ gbé e. Ibi tí ọ̀nà bá gbà, ẹ lo bárò tàbí ọmọlanke. Bí bárò bá wọ́n fún ẹnì kan, ìdílé mẹ́rin lè dáwó rà á.

4. Ẹ má ṣe máa sọ ẹrù kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ fi igi kan pẹpẹ sí oko àti sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó ga dé ìbàdí. Orí rẹ̀ ni kí ẹ máa sọ ẹrù sí, orí rẹ̀ náà ni kí ẹ sì ti máa gbé e. Ìgbà tí a bá ń gbé ẹrù láti ilẹ̀ ni ẹ̀yìn ń jìyà jù. Ẹ gbé ẹrù mọ́ra, ẹ má sì ṣe lọ́ ìbàdí nígbà tí ẹrù wà lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi yí.

5. Ẹ̀yin ìyá tí ń yan gàrí, ẹ gbé ààrò ga. Ẹni tí ó bá jókòó ti ààrò tí ó wà nílẹ̀, tí ó ń nawọ́ tí ó sì ń lọ́ ìbàdí fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ṣàì ro ó. Kí agbada wà ní ìwọ̀n ìgúnpá yín, bóyá ẹ jókòó tàbí ẹ dúró, kí ẹ sì máa gbà á fún ara yín. Àwọn tí ń bẹ ẹ̀gẹ́, ẹ fi àpótí kékeré tí ó dà bí ẹni pé ènìyàn jókòó sílẹ̀ sílẹ̀, ẹ wá àga tí ó ga.

6. Ẹ má ṣe iṣẹ́ kan láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Ẹ roko díẹ̀, ẹ lọ já ata tàbí ẹ lọ gé igi, kí ẹ tún padà. Bí ẹ bá ti tẹ̀ síwájú tó bíi ìṣẹ́jú 20, ẹ nàró, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ìbàdí, kí ẹ sì rọra tẹ̀ sẹ́yìn ní ìgbà 5. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

7. Ẹ má gbàgbé àáró àti ọ̀wẹ̀. Àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dé orí. Ẹni tí ó dá oko ńlá ro ní àkókò òjò, tí kò sì ní ẹni tí yóò bá a ṣe é, kò lè sinmi bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí ó sinmi. Koríko kò ní dúró dè é. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ọkùnrin àti ẹgbẹ́ obìnrin inú ìjọ tún àáró bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa ka opó, arúgbó, aláboyún àti ẹni tí ẹ̀yìn ń ro mọ́ ọn. Kí ẹni tí kò lè roko lóṣù yìí máa se oúnjẹ tàbí kí ó máa tọ́jú irúgbìn fún àwọn yòókù.

BÍ Ẹ̀YÌN BÁ TI Ń RO ŃKỌ́?

Ẹ má bẹ̀rù. Nínú ẹni 10 tí ẹ̀yìn ń ro, nǹkan bí ẹni 9 ni kò ní àrùn búburú kan tí a lè tọ́ka sí nídìí rẹ̀. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ẹ má sì dùbúlẹ̀ kí ẹ má dìde. Láyé àtijọ́, àwọn dókítà pàápàá a máa sọ pé kí ẹni tí ẹ̀yìn ń ro lọ sùn. Ní ọdún 1995, àwọn olùwádìí ní ìlú Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, pín àwọn òṣìṣẹ́ 186 tí ẹ̀yìn ń ro sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ní kí àwọn kan dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 2, kí àwọn kan máa ṣe eré ìdárayá fún ẹ̀yìn, kí àwọn yòókù sì máa ṣe iṣẹ́ wọn lọ bí ara wọn bá ti gbà á tó. Àwọn tí wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ ni ara wọn yá jù. Kì í ṣe pé kí ẹ lọ ru sìmẹ́ǹtì o. Ohun tí a ń wí ni pé kí ẹ máa rìn, kí ẹ máa ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí ẹ sì padà sí èyí tí ó le díẹ̀díẹ̀.

Ẹ fi aṣọ tí a ti rì bọ omi gbígbóná tí a sì fún gbẹ lé ibi tí ń dùn yín, ṣùgbọ́n kí ó má bó ara. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ ní ẹ̀yìn, ẹ fi ìrọ̀rí sí abẹ́ orúnkún. Bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ fi í sí àárín orúnkún méjèèjì. Ní àárọ̀ àti ní alẹ́, ẹ máa rìn fún ìṣẹ́jú 20 tàbí 30. Ilé ìwòsàn ńlá ìjọba sábà máa ń ní àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkọ́ ènìyàn ní eré ìdárayá tí ó bá irú ẹ̀yìn tirẹ̀ mu. Bí ó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ, ẹ lọ bá wọn.

Ọ̀já tàbí bẹ́líìtì tí a fi ń di ìbàdí kì í wo ẹ̀yìn tí ó ti ń ro tipẹ́ sàn. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2023, wọ́n ní kí a má ṣe máa fi bẹ́líìtì tọ́jú irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Eré ìdárayá àti ẹ̀kọ́ nípa bí a ti ń tọ́jú ara wà lára ohun tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN OÒGÙN ÀPÒPỌ̀

Ibí yìí ni ẹ̀yìn ríro ti ń pa ènìyàn. Ọ̀pọ̀ lébírà àti àgbẹ̀ ni ó ń ra oògùn oríṣi mẹ́ta mẹ́rin tí a dì sínú ọ̀rá kékeré, tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn oògùn ìrora bíi diclofenac, indomethacin àti ibuprofen lè dá ọgbẹ́ sí inú, kí ó sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá lóyún, tí ó ní ọgbẹ́ inú tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó má ṣe lò wọ́n láìbi dókítà. Parasitamó́ọ̀lù nìkan kì í sì mú ẹ̀yìn yá kíákíá: ní ọdún 2014, ìwádìí tí a ṣe fún ènìyàn 1,652 ní Ọsirélíà fi hàn pé àwọn tí ó lò ó kò yá ju àwọn tí a fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú lọ. Nǹkan bí ọjọ́ 17 ni ìdajì wọn fi yá, ọ̀nà yòówù tí a gbà.

Tramadol tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé mì kí wọ́n lè ru ẹrù láìmọ ìrora burú jù. Ó ń di bárakú, bí ó bá sì pọ̀ jù, ó lè fa gìrì tàbí kí ó dá èémí dúró. Ìrora tí ó pa mọ́lẹ̀ náà kò lọ; ẹ̀yìn ṣì ń bàjẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Páráǵà náà kò yàtọ̀, ọtí líle ni wọ́n fi ń po ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà gún yín ní abẹ́rẹ́ ní ìdí. Iṣan ńlá tí ń lọ sí ẹsẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Bí abẹ́rẹ́ bá bà á, ẹsẹ̀ lè rọ. Ẹni tí ó wá ìwòsàn ẹ̀yìn yóò wá di ẹni tí ń wọ́ ẹsẹ̀.

ÀMÌ TÍ KÒ GBỌDỌ̀ DÚRÓ DI Ọ̀LA

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí lára ẹnikẹ́ni nínú ilé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ:

• Bí ó bá ṣòro láti tọ̀, tàbí bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá ń jáde láìmọ̀. Bí ojú ara àti àárín itan méjèèjì bá kú tipiri. Ọ̀rọ̀ wákàtí ni èyí, kì í ṣe ti ọjọ́.

• Bí ẹsẹ̀ kan tàbí méjèèjì bá ń rọ, tàbí tí kò lè gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè.

• Bí ibà bá ń mú un ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ń làágùn lóru, tí ó sì ń rù, pàápàá bí ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí yọ gan-n-gan. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wọ egungun ẹ̀yìn láìjẹ́ pé ènìyàn ń wúkọ́. Ó ní oògùn, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà. Bí a bá pẹ́ jù, ó lè sọ ènìyàn di arọ.

• Bí ó bá jẹ́ bàbá tí ó ti lé ní 50 ọdún, tí ẹ̀yìn ń ro ó lóru ju ọ̀sán lọ, tí títọ̀ sì ń ṣòro. Jẹjẹrẹ prostate a máa ràn dé egungun ẹ̀yìn.

• Bí ó bá jẹ́ aláboyún, tí ẹ̀yìn ń ro ó tí ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí ó ń mú un tí ó ń fi í sílẹ̀ bí ìrọbí.

• Bí ó bá já láti orí ọ̀pẹ tàbí igi kòkó, tàbí tí ọ̀kadà gbá a. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó sórí ọ̀kadà, ẹ má sì ṣe fi apá àti ẹsẹ̀ wọ́ ọ. Ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó gbọọrọ, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn wà ní títọ́ bí ọ̀pá, kí ènìyàn mẹ́rin gbé e sínú ọkọ̀. Gbígbé tí kò dára ti sọ ẹni tí ìbá rìn di ẹni tí kò rìn mọ́.

A ń gbàdúrà fún ara wa, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé lílọ sí ilé ìwòsàn jẹ́ àìnígbàgbọ́. Kí àwa tí a sì ń gbàdúrà fún ẹni tí ẹ̀yìn ń ro má ṣe yọ láti orí àdúrà lọ gbé gbogbo àga ṣọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin bàbá, kí ẹ tó lọ sóko lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wọn igi ọkọ́ yín. Ẹ̀yin ìyá, ẹ wo ìgbálẹ̀ àti ààrò yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bá àwọn òbí yín kan pẹpẹ náà. Ìgbà tí ẹ̀yìn ṣì le ni ó yẹ kí a tọ́jú rẹ̀, nítorí òun ni a ó fi jẹun ní ọjọ́ alẹ́.

Ó di oṣù tí ń bọ̀ o. Ilé á tura fún yín.